Àṣàyàn Orin Ẹgbẹ́ BLO

Ẹni tó ṣa àgbàdo tó yọmọ jù lọ wá sílé kò tíì gbé oko wálé. Èrò yìí ni mo fi gbọ́ Phases 1972–1982, àṣàyàn orin ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí ń jẹ́ BLO.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n: Berkley Jones ń ta gìtá, Laolu Akins ń lu ìlù, Mike Odumosu sì ń ta gìtá béèsì. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Gìtá inú rẹ̀ ń ké bí ẹni tí inú ń bí. Ìlù rẹ̀ kò sì gbàgbé ilé. Nígbà tí yóò fi di 1982, orin ijó dísíkò ti gba ipò igbe náà.

Àṣàyàn fi ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin hàn wá, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Gbogbo Yorùbá ló mọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì. Àwa níhìn-ín kì í fi ọjọ́ ìṣẹ́gun nìkan díwọ̀n ìjàkadì. Ọjọ́ tí wọ́n dá a, tó sì dìde, wà nínú ìtàn rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni èdè púpọ̀ nínú orin wọn. Èmi olùkọ́ Yorùbá ti bínú sí èyí rí. Mo ti yí ìdájọ́ mi padà: ohun tí ẹnu wọn kò sọ, ìlù wọn sọ ọ́.

Ẹ gbọ́ àṣàyàn náà. Ẹnu ọ̀nà tó dára ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Chapter One, kí ẹ gbọ́ ọ tán.