Ọwọ́ Tó Mọ Ohùn Yí Padà

Ohùn fíìmù tí a ṣe ní 5.1 kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́fà ni: iwájú lápá òsì, iwájú lápá ọ̀tún, àárín, ẹ̀yìn méjì, àti ti ìró ìsàlẹ̀ tó máa ń mi ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ ohùn DTS inú àwo DVD rẹ̀ di AC-3, ìyẹn láti ọ̀nà ìfúnpọ̀ ohùn kan sí òmíràn, kí tẹlifíṣọ̀n tí kò gbọ́ DTS lè gbé e jáde, ẹrù mẹ́fà ló rù, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ já bọ́.

Mo kan sáárá sí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tí Fabrice Bellard ará Faransé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, lè parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n etí ènìyàn ló ń dá a lẹ́jọ́. AC-3 kì í kọjá 640 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. DTS orí DVD lè tó 1,509. Ohun kan yóò sọnù lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ọ̀jáfáfá kì í fi í yí ohùn tó ti yí tẹ́lẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kejì. Orísun ló máa ń padà sí.

Ibi tí mo ti ń mọ ọ̀gá ni bó ṣe ń po mẹ́fà pọ̀ di méjì fún ẹni tó ń lo íapíìsì. Àárín ni ọ̀rọ̀ òṣèré sábà máa ń gbà jáde. Bí àárín bá rì sábẹ́ orin, ìtàn bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa ojúlówó rẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ tuntun náà dópin.