Ṣé Yemọja Ni? Lámèyítọ́ lórí "D", Àwo Orin Orí Ìtàgé ti Os Paralamas do Sucesso

Ìfáárà

Ní ọdún 1987, Os Paralamas do Sucesso, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, kọrin níbi àjọ̀dún orin jáàsì tí ó máa ń wáyé lọ́dọọdún ní ìlú Montreux, ní etí adágún Geneva, ní Switzerland. Wọ́n gba ohùn eré náà sílẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún kan náà pẹ̀lú orúkọ tí kò ju lẹ́tà kan lọ: "D". Òun ni àwo orin orí ìtàgé àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣe. Herbert Vianna ni ó ń kọrin tí ó sì ń ta gìtá; Bi Ribeiro ń ta gìtá béèsì; João Barone ń lu ìlù. Ọdún méjì péré ni ó tíì kọjá nígbà náà tí ìjọba ológun tí ó gorí àléfà ní 1964 ti kógbá sílé ní Bùràsíìlì.

Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Mo máa ń lo orin Bùràsíìlì nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí òkè òkun. Ní ọjọ́ kan, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ A Novidade láti inú "D", mo sì ṣàlàyé ìtàn inú rẹ̀: òkun gbé obìnrin kan wá sí etí iyanrìn, ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, ìdajì jẹ́ ẹja, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní mámíwọtà. Ọmọbìnrin kan béèrè pé, "Àǹtí, ṣé Yemọja ni?" Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi dá a lóhùn pé òun ni. Inú gbogbo kíláàsì dùn. Àṣìṣe ni mo ṣe, àṣìṣe náà sì wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àjogúnbá.

Ìdí tí àṣìṣe náà fi rọrùn

Gilberto Gil ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin A Novidade. Àwọn Paralamas ni wọ́n ṣe ohùn rẹ̀. Ọmọ Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia, ni Gil. Ní ìlú yìí ni àwọn ọmọ ìran Yorùbá tí a kó lẹ́rú, tí a ń pè ní Nagô níbẹ̀, ti pa ìsìn òrìṣà mọ́ títí di òní. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ èrò máa ń gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún Yemọja ní etíkun Rio Vermelho ní Salvador, àwọn ayàwòrán ibẹ̀ sì sábà máa ń yà á gẹ́gẹ́ bí obìnrin onírù ẹja. Gil fúnra rẹ̀ wá sí Èkó ní 1977 fún àjọ̀dún FESTAC. Bí a bá to gbogbo èyí pọ̀, ta ni kò ní sọ pé Yemọja ni?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orin náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Abo òrìṣà àwọn Maya, ẹ̀yà kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó fi òkè ara obìnrin náà wé. Ìrù àbùùbùtán ni ó fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ wé. Kò dárúkọ òrìṣà Yorùbá kankan. Ohun tí ó jẹ orin náà lógún ni ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ létí òkun: akéwì rí abo òrìṣà, ó fẹ́ fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ẹni tí ebi ń pa rí ìrù ẹja, ó fẹ́ fi í se oúnjẹ alẹ́. Bí wọ́n ti ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, obìnrin náà já sí wẹ́wẹ́.

Nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ náà kà, ojú tì mí. Èmi náà ti wà lára àwọn tí ń fa obìnrin náà ya. Akéwì fa òkè, ẹni tí ebi ń pa fa ìsàlẹ̀, olùkọ́ èdè sì ń fi orúkọ fà á lọ sí ilé tirẹ̀.

Ohun tí orí ìtàgé fi kún un

Orin yìí ti kọ́kọ́ jáde nínú àwo Selvagem?, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò ní 1986. Kí wá ni ìwúlò gbígbọ́ rẹ̀ láti orí ìtàgé? Ìdáhùn mi ni pé "D" jẹ́ kí a gbọ́ ẹni tí a ń kọ ọ́ fún. Ìtàn ebi ní etíkun Bùràsíìlì ni Vianna ń sọ ní etí adágún kan ní ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lọ́rọ̀ jù lọ láyé, ariwo ìdùnnú àwọn òǹgbọ́ sì wà nínú àwo náà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan lè ka èyí sí àbùkù. Èmi kà á sí ẹ̀rí. Àwọn tí ń yọ̀ àti àwọn tí ebi ń pa wà létí omi kan náà nínú orin. Lórí àwo yìí, àwọn tí ń yọ̀ ti ní ohùn tiwọn.

Ìlù régè ni wọ́n fi gbé e. Béèsì Ribeiro ni ó di ìlà orin náà mú, gìtá sì ń bọ́ sí àárín ìlù ní ṣókí ṣókí, débi pé àlàfo ń wà fún ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé A Novidade borí Alagados nínú àwo yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Alagados ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Orúkọ àdúgbò àwọn tálákà mẹ́ta ni Alagados dà pọ̀: Alagados ní Salvador, níbi tí àwọn ènìyàn kọ́ ilé pákó ka orí òpó igi lójú omi, Trenchtown ní Kingston, Jàmáíkà, àti Maré ní Rio de Janeiro. Orin ńlá ni. Ṣùgbọ́n eré rẹ̀ yá, ijó rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn orúkọ náà fi ń kọjá lọ bí ègbè lásán. Ní Montreux, ijó borí ọ̀rọ̀.

Ta ló ni gìtá?

Ìdẹwò kejì wà nínú gìtá Alagados. Ìró rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń dún lókè, ó ń yí po lórí ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ King Sunny Adé yóò rántí jùjú. Mo fẹ́ràn láti sọ pé tiwa ni. Ṣùgbọ́n àwọn onígìtá Congo náà ń ta á bẹ́ẹ̀, àwọn onígìtá háíláìfù Gánà náà ń ta á bẹ́ẹ̀, ìjọra nìkan kò sì tó láti fi ìdí ìran múlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún rántí pé jùjú fúnra rẹ̀ yá gìtá láti òkèèrè, àti pé gìtá irin tí ń sunkún lábẹ́ orin Sunny Adé, Hawaii ni ó ti ṣẹ̀ wá. Bí jùjú bá jẹ́ tiwa pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó yá, ẹ̀tọ́ kan náà ni àwọn Paralamas ní lórí régè tí wọ́n yá láti Jàmáíkà.

Àgbálọgbábọ̀

Ǹjẹ́ kò sí ohun tí ó kàn wá nínú "D" mọ́? Ó wà. Aláwọ̀ dúdú ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará Salvador, àwọn náà sì ni òṣì àwọn àdúgbò bí Alagados ń bá fínra jù. Àwọn ọmọ ìran tí ó gbé orúkọ Yemọja sọdá òkun wà láàárín wọn. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò: ojú ọ̀run abo òrìṣà ni à ń wò láti rí ìbátan wa, nígbà tí ìbátan wa wà ní ìsàlẹ̀, láàárín àwọn tí ń wá oúnjẹ alẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo sọ fún kíláàsì pé mo ṣì wọ́n lọ́nà. Mo ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orin náà fún wọn ní Yorùbá, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ọmọbìnrin tí ó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àǹtí, kí ni orúkọ àwọn tí ebi ń pa?" Orin náà kò dárúkọ wọn. Ìbéèrè yẹn ni mo rò pé ó yẹ kí kíláàsì èdè àjogúnbá kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa béèrè, ṣáájú kí wọ́n tó béèrè bóyá tiwa ni.