Amọ̀ Nínú Àdàlù Igi àti Ike Tí Ó Lè Jẹrà: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀rí

Igi fẹ́ràn omi, ike kò fẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí lẹ́búlẹ́bú igi àti ike PLA kì í fi í lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Amọ̀ montmorillonite ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbára lé láti fún àdàlù náà ní agbára. (Kì í ṣe gbogbo amọ̀ tí amọ̀kòkò ń lò ni ó ní irú ìwà yìí.) Wọ́n á yọ sodium tí ó wà láàrin awẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi èròjà ammonium oní-ìrù gígùn rọ́pò rẹ̀, kí ike lè ráyè wọlé.

Ẹ̀rí tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni ti ilé ìwádìí Toyota ní Japan. Ní 1993, wọ́n ròyìn pé amọ̀ tí kò tó ìdá 5 nínú 100 gbé ìwọ̀n ooru tí nylon 6 fi ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù láti 65°C dé 152°C. Àbájáde ńlá ni. Ṣùgbọ́n nylon 6 kì í jẹrà bọ̀rọ̀, kò sì sí igi nínú rẹ̀. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù nínú àdàlù, a máa ṣù bíi kókó inú àmàlà, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan náà yóò ti kán.

Ọ̀rọ̀ "jíjẹrà" ni àlàyé ti mẹ́hẹ jù. Ìdánwò ISO 14855 máa ń wáyé ní nǹkan bíi 58°C; ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, PLA sì lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé tí ó ròyìn agbára láìsọ ìwọ̀n ooru ìdánwò kò tíì fi ìdí àkọlé rẹ̀ múlẹ̀.