Àwọn Tó Hú Ọkọ̀ Uluburun Jáde

Lọ́dún 1982, ọkùnrin kan tó ń wá kànrìnkàn nínú òkun ní Uluburun, létíkun gúúsù Tọ́kì, ní òun rí bísíkíìtì onírin tó létí nísàlẹ̀ omi.

Bàbà ni. Ọkọ̀ tó rì ní nǹkan bí 1300 ṣáájú ìbí Kristi ló kó o. Láti 1984 sí 1994, àwọn awalẹ̀pìtàn George Bass àti Cemal Pulak darí àwọn tó hú ọkọ̀ náà jáde lábẹ́ òkun. Iṣẹ́ náà le! Ibi tí ọkọ̀ náà rì sí jìn ju mítà 40 lọ, nítorí náà ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni òmùwẹ̀ ń lò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lé ní ìgbà 22,000 tí wọ́n wọmi. Wọn kì í sì í kàn kó ẹrù: wọ́n ń wọn ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà kí wọ́n tó ṣí i nípò. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà.

Ẹ wo èrè sùúrù: bàbà tọ́ọ̀nù 10, tánńganran tọ́ọ̀nù 1 (ìwọ̀n tó yẹ láti fi méjèèjì ṣe idẹ), eyín erin, igi dúdú Áfíríkà, ohun wúrà tó ní orúkọ Nefertiti, ayaba Íjíbítì. Idà àti èdìdì àwọn ará Mycenae, ní ilẹ̀ Gíríìsì, wà níbẹ̀. Pulak gbà pé méjì nínú àwọn ará Mycenae wà nínú ọkọ̀ náà.

Ìlú Bodrum, ní Tọ́kì, ni ẹrù náà wà báyìí. Ẹni tó bá dé Tọ́kì, kó yà wò ó.