Ta Ni Yóò Bá Ọmọ Aláìní Ṣeré? Àtúngbéyẹ̀wò Ìwé *Dibs: In Search of Self*

Ìfáárà

Ọdún 1964 ni Virginia Axline, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé *Dibs: In Search of Self* jáde. Ìwé náà wà lára àwọn tí ó sọ ìtọ́jú ọmọdé nípasẹ̀ eré di mímọ̀ fún àwọn olùkọ́. Àpilẹ̀kọ yìí gbà pé ìwé tó níyì ni. Ohun tí ó ń yẹ̀ wò ni ìwúlò rẹ̀ fún ọmọ tí ìṣẹ́ ń bá ìdílé rẹ̀ fínra.

Agbára ìwé náà

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Dibs. Nílé ìwé, kì í sábà bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Abẹ́ tábìlì ni ó máa ń fara pamọ́ sí, àwọn kan sì rò pé orí rẹ̀ kò pé. Axline fún un ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ nínú yàrá ìṣeré tí iyanrìn, ọ̀dà àti ọmọláńgidi wà. Kò fi ìbéèrè dà á láàmú. Ọmọ ni ó ń ṣíwájú, àgbà ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí Dibs ri ọmọláńgidi tó dúró fún bàbá rẹ̀ mọ́ inú iyanrìn, Axline kò bá a wí. Ohun tí ìwé yìí fi yéni ni pé eré ni ọmọdé fi ń sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ, bí ó bá ti rí ẹni tí yóò gbọ́.

Ìkùdíẹ̀-káàtó rẹ̀

Bí ó ti wù kí ó rí, ọmọ olówó ni Dibs. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni bàbá rẹ̀, oníṣẹ́ abẹ sì ni ìyá rẹ̀ kí ó tó bí i. Ohun ìṣeré kún yàrá rẹ̀ nílé. Ìyá náà wá sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún Axline, ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ bí yóò ṣe máa bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. Bí yàrá ìṣeré bá wá jìnnà, tí ìyá sì gbọ́dọ̀ wà lójà láti àárọ̀, ta ni yóò máa mú ọmọ lọ?

Ìwádìí tí Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kingston, ní Jàmáíkà, ní ọdún 1986 gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ 129 tí àìjẹunre-kánú ti dí ìdàgbà wọn lọ́wọ́ ni ó kàn. Fún ọdún méjì, òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ sílé àwọn kan nínú wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń fi ohun ìṣeré àfọwọ́ṣe kọ́ ìyá bí a ṣe ń bá ọmọ ṣeré. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé, nígbà tí wọ́n dàgbà, owó tí wọ́n ń gbà fi nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 ju ti àwọn tí a kò bá ṣeré. Òótọ́ ni pé ìdàgbàsókè ọpọlọ ni ètò yìí wà fún, kì í ṣe ọgbẹ́ ọkàn. Síbẹ̀, ó mú eré dé ibi tí Axline kò mú un dé, èyí ni ọwọ́ ìyá.

Àgbálọgbábọ̀

Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ó yẹ kí olùkọ́ ka *Dibs* nítorí etí ìgbọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe nítorí yàrá rẹ̀. Iyanrìn, àlọ́ àti bojúbojú kò gba owó. Òbí aláìní lè ṣe wọ́n bí a bá fi hàn án pé wọ́n níye lórí. Ṣùgbọ́n eré kò lè dípò oúnjẹ, olùkọ́ kò sì lè dípò onímọ̀ ìtọ́jú níbi tí ọgbẹ́ ọmọ bá ti jinlẹ̀.