Àṣẹ Láìsí Etí Ìgbọ́: Àgbéyẹ̀wò Ipò Atọ́kùn nínú Fíìmù Zero Charisma

Ìfáàrà

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Eré yìí yàtọ̀ sí ayò àti lúdò, nítorí pé ìtàn ni àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ń fi ẹnu hun. Olùkópa kọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ó sì ń pinnu ìṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá-ìtàn kan, yálà jagunjagun tàbí oṣó. Dáìsì tí wọ́n bá dà ni yóò sọ bóyá ohun tí ẹ̀dá-ìtàn náà dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Ẹnìkan láàrin wọn ni atọ́kùn. Òun ní ń ṣàpèjúwe ibùdó ìtàn, òun ní ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀tá, òun náà ní ń dájọ́ bí awuyewuye bá ṣẹlẹ̀.

Ipò atọ́kùn yìí ni fíìmù Zero Charisma, tí Katie Graham àti Andrew Matthews darí, gbé yẹ̀ wò. Fíìmù aládàáni ni, tí a kò fi owó ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe. Ní ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní àjọ̀dún South by Southwest ní ìlú Austin, ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ó ti gba ẹ̀bùn tí àwọn òǹwòran fúnra wọn dìbò fún. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé yíyẹ̀yẹ́ àwọn tó fẹ́ràn eré orí tábìlì kọ́ ni kókó fíìmù náà. Àṣẹ ni kókó rẹ̀: bí ènìyàn ṣe ń ní in, àti bí ó ṣe ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àhunpọ̀ ìtàn

Scott, tí Sam Eidson ṣe, jẹ́ àgbàlagbà tó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Ní ìgboro, kò sí ẹni tó kà á sí. Nídìí tábìlì, òun lọba. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkópa fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, Scott fa Miles wọlé. Miles mọ̀wé, ó lẹ́nu, ó sì mọ bí a ti í bá ènìyàn ṣe. Kò pẹ́ tí ojú gbogbo ẹgbẹ́ fi yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Lásìkò yìí kan náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá àgbà, tí ìyá Scott, tó ti jìnnà sí i tipẹ́, sì padà dé láti ta ilé náà. Bí ìtẹ́ ṣe ń mì nídìí tábìlì ni òrùlé ń mì lórí Scott nínú ilé.

Ìfìwàwẹ̀dá

Nínú àkọlé ni kọ́kọ́rọ́ ìtúmọ̀ fíìmù wà. Nínú eré Dungeons & Dragons, àmúyẹ mẹ́fà ni a ń fi nọ́ńbà díwọ̀n fún ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan: agbára, ìyárasí, ìlera, òye, ọgbọ́n, àti èyí tí ń fa ọkàn ènìyàn mọ́ra. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àkọlé náà sọ pé òdo ni. Scott mọ òfin eré ju ẹnikẹ́ni lọ, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún to ìtàn rẹ̀. Ohun tí kò ní ni etí. Ohun tó ti pinnu sílẹ̀ nìkan ló fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀. Bí olùkópa bá ya ọ̀nà mìíràn, ó di ọ̀tẹ̀ lójú rẹ̀.

Ìwà yìí tako ìpìlẹ̀ eré náà, nítorí pé láìsí ìpinnu àwọn olùkópa, ìtàn kò lè sún síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni apàlọ́ tí kò rí ẹni gbe orin: bó ti wù kí àlọ́ rẹ̀ dùn tó, òun nìkan ni yóò pa á. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n yìí ni Scott ń lé jáde.

Ọgbọ́n ìṣeré

Nínú fíìmù The Gamers ti ọdún 2002, a máa ń rí ayé àròsọ tí àwọn olùkópa ń sọ nípa rẹ̀. Nídìí tábìlì ni Zero Charisma fi òǹwòran sí. Nítorí náà, ojú àwọn tó ń gbọ́ ìtàn ni òǹwòran fi ń mọ bí ìtàn náà ti ń lọ: bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, bí ó bá sú wọn, bí wọ́n bá ń wojú Miles dípò atọ́kùn. Àìlówó fíìmù aládàáni ti di ọgbọ́n níbí.

Àléébù

Síbẹ̀, fíìmù náà kò ṣàì ní kùdìẹ̀kudiẹ. Nígbà tó bá yá, ó fi Miles hàn bí alágàbàgebè, ẹ̀bi Scott sì fúyẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ìbá ti lágbára jù bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ènìyàn rere. Ìyá Scott náà kò rí àyè tó láti ju ẹni tó wá ta ilé lọ.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀kọ́ inú fíìmù yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Olùkọ́ tó ti kọ ìlànà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ parí, tí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ sì di àfojúdi lójú rẹ̀, ti jókòó sórí àga Scott. Ó lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, kí kíláàsì sì pa lọ́lọ́ níwájú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Àwọn olùkópa Scott náà dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí wọ́n rí ẹlòmíràn tó fetí sí wọn ni àṣẹ rẹ̀ dópin.