Ọ̀mì Kan Tí Mo Fẹ́ràn

Nínú gbogbo ṣẹ́ẹ̀sì tí mo ti ta pẹ̀lú ará ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan wà tí mo máa ń tún tò sórí pátákó ju ìyókù lọ. N kò borí nínú rẹ̀. Ọ̀mì ni.

Èmi ni mo mú dúdú. Finland ni ẹnìkejì mi wà, nọ́ńbà la sì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ICCF, ẹgbẹ́ àgbáyé ti ṣẹ́ẹ̀sì ọ̀nà jíjìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, nìyẹn: ojú 64 tó wà lórí pátákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí èdè má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó kọ 5254, ìyẹn láti ojú 52 sí 54, mo fèsì 5755. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bọ́ sí 25, mo gbé ẹṣin kejì jáde: 7866. Ìgbèjà Berlin nìyẹn, ohun tí Kramnik fi dí Kasparov, ọ̀gá àgbáyé ìgbà náà, lọ́nà ní London ní 2000, tí Kasparov kò fi borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ayò 15.

Nígbà tí a ta ìgbésẹ̀ kẹjọ tán, ayaba méjèèjì ti lọ. Ọba mi ló fúnra rẹ̀ pa ayaba funfun, kò sì lè sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ìṣọ́ mọ́. Ọ̀pẹ̀ á ní ó ti parí fún mi. Ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù mi méjèèjì pé, tirẹ̀ ti ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ 50 la ní fún ìgbésẹ̀ 10. Èyí tó gba àkókò mi jù ni 8785, ọmọ-ogun etí pátákó lásán. Kò pa nǹkan kan, kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí kò bá sí níbẹ̀, 7274 ló kàn, ẹṣin mi tó dúró ní 65 á sì di ìsáǹsá. Irú iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ báyìí ló mú mi nífẹ̀ẹ́ Berlin. ICCF kò fi kọ̀ǹpútà dù wá. Àwa méjèèjì ló ní in, nítorí náà kò sí ẹni tó ń retí àṣìṣe ńlá.

Nígbà tó yá, mo fi bíṣọ́ọ̀bù ojú dúdú pa ẹṣin rẹ̀ ní 33. Àwọn ilé ìṣọ́ náà pa ara wọn tán. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń rin ojú dúdú, tèmi ń rin funfun. Ọmọ-ogun rẹ̀ dé 55; 56 ló ń wá, ojú funfun sì ni, ọba mi ti jókòó síbẹ̀. Ẹnìkejì mi gba ọ̀tún, ó gba òsì, ó wo gbogbo ibi tó yẹ kí ọ̀ta wò. Òun ló kọ́kọ́ ní kí a gbà á sí ọ̀mì. Mo gbà, mo sì kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí kò fi ìgbésẹ̀ kankan ta mí lọ́rẹ.